Ìrònú Ìfàyọ àti Ìrònú Àkíyèsí: Bí A Ṣe Ń Dá Ọ̀kan Mọ̀ Yàtọ̀ sí Èkejì

Ìrònú ni kí ènìyàn ti ara ohun tó ti mọ̀ dé ibi ohun tí kò tíì mọ̀. Ohun tó ti mọ̀, tàbí tó gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀, ni ìpìlẹ̀. Ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ni àbájáde. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ìpìlẹ̀ ń gbà gbé àbájáde dúró. Ní ọ̀nà kìíní, àbájáde ti wà nínú ìpìlẹ̀ látilẹ̀, iṣẹ́ onírònú kò sì ju pé kó fà á yọ síta lọ. Bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, kò sí bí àbájáde ṣe lè jẹ́ irọ́. Èyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní deductive reasoning. Ìrònú ìfàyọ ni orúkọ rẹ̀ nínú orí ìwé yìí. Ní ọ̀nà kejì, ìpìlẹ̀ jẹ́ ohun tí a ti rí tàbí tí a ti kà, àbájáde sì ré kọjá ohun tí a rí. Ìpìlẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀ kí àbájáde ṣì já sí irọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpìlẹ̀ náà fún un lágbára. Èyí ni inductive reasoning, ìrònú àkíyèsí.

Ẹnì kan ṣoṣo lè lo méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú kan láìfura. Ìyá aláta kan ná ọjà ọlọ́rọọrún ní ọjọ́ Ajé. Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni ọjà tó kàn, ó sì tún ní ata máa wọ́n sí i lọ́jọ́ náà, nítorí pé láti ọjà mẹ́ta sẹ́yìn ló ti ń gbówó lórí. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ọ̀kan létí, torí pé ohun tí ojú kò tíì rí ni méjèèjì ń sọ, àmọ́ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ẹni tó bá gbà pé ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà náà, tó sì gbà pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ná an kẹ́yìn, kò lè sọ pé ọjọ́ Ẹtì kọ́: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì, ó pé márùn-ún bí Yorùbá ṣe ń kà á. Kódà ó lè máa kà á lọ pé láti Ẹtì yóò bọ́ sí Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn náà Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28 gééré. Kò nílò láti dé ọjà kó tó mọ èyí. Ti owó ata kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ata wọ́n lọ́jà mẹ́ta léraléra, síbẹ̀ ọkọ̀ mélòó kan lè já ata sílẹ̀ ní òru Ọjọ́bọ̀ mọ́jú Ẹtì, kí owó rẹ̀ sì já wálẹ̀.

Ìbéèrè tó ń yanjú ọ̀rọ̀

Ìbéèrè kan ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: bí gbogbo ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí àbájáde rẹ̀ jẹ́ irọ́? Bí kò bá ṣeé ṣe rárá, ìfàyọ ni. Bó bá ṣeé ṣe, bó ti wù kó ṣọ̀wọ́n tó, àkíyèsí ni. Ẹni tó ń dáhùn ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ máa wádìí bóyá ìpìlẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ìyẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó máa gbà á bẹ́ẹ̀ ná, kó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ wá ìtàn kan tó lè ṣẹlẹ̀, tí ìpìlẹ̀ á ti dúró nínú rẹ̀ tí àbájáde á sì wó. Ìtàn ọkọ̀ tó já ata sílẹ̀ lóru jẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Fún ọjọ́ Ẹtì, kò sí ìtàn tí ẹnikẹ́ni lè pa: ẹni tó bá sọ pé ọba lè sún ọjà síwájú ti yí ìpìlẹ̀ padà, nítorí pé ọjà tí wọ́n sún síwájú kì í ṣe ọjà ọlọ́rọọrún mọ́.

Ọ̀nà mìíràn wà láti bi ìbéèrè kan náà, ó sì wúlò fún ẹni tí ti àkọ́kọ́ kò bá yé dáadáa. Kí ó fi ọ̀rọ̀ tuntun kún ìpìlẹ̀ láìyọ ọ̀kankan kúrò, kó sì wò ó bóyá àbájáde á mì. Ọ̀rọ̀ tuntun kì í mi ìfàyọ. Bí wọ́n bá sọ fún ìyá aláta pé òjò máa rọ̀, pé awakọ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ìlú kejì ń ṣọdún, Ẹtì náà ni ọjà yóò ṣì jẹ́. Àkíyèsí ẹ̀wẹ̀ lè fìdí múlẹ̀ láàárọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì fọ́ ọ yángá kó tó di ọ̀sán.

Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ ń kọ́ ọmọ pé ìfàyọ a máa ti orí ọ̀rọ̀ gbogbogbòò bọ́ sórí ẹyọ kan, pé àkíyèsí sì ń ti orí ẹyọ-ẹyọ bọ́ sórí gbogbogbòò. Òfin náà rọrùn láti há sórí, ó sì bá àpẹẹrẹ púpọ̀ mu, àmọ́ òun kọ́ ni ìyàtọ̀, ó sì yẹ kí olùkọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan dé agboolé tí ọmọ mẹ́rin péré wà. Ó wo káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta, ó wo ìkẹrin. Gbogbo wọn ló ti gbà á. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ọmọ agboolé náà ló ti gba abẹ́rẹ́. Orí ẹyọ-ẹyọ ló ti bẹ̀rẹ̀, orí gbogbogbòò ló parí sí, síbẹ̀ ìfàyọ ni, torí pé bí ọmọ kò bá ju mẹ́rin lọ, tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti gbà á, kò ku ọmọ kankan. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó sọ pé ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ tó ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ń há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tó wá sọ pé ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n òun á há, ti orí ọ̀pọ̀ bọ́ sórí ẹyọ kan. Àkíyèsí ni. Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n náà lè wà lára àwọn díẹ̀ tó rọ́nà kọjá.

Ohun tí ìfàyọ lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ babaláwo ní èèpo mẹ́jọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí sókè tàbí kó dojú dé. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí nìkan, ẹnikẹ́ni lè mọ iye ojú tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè gbà balẹ̀. Èèpo kan ní ọ̀nà méjì, méjì ní mẹ́rin, mẹ́ta ní mẹ́jọ, mẹ́rin tó wà lápá kan ní 16. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 16 apá ọ̀tún lè bá èyíkéyìí nínú 16 apá òsì pàdé, ó sì di 256. Nínú wọn, 16 ni ọ̀tún àti òsì ti jọra, àwọn ni ojú odù. 240 tó kù ni àmúlù. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí lè jókòó sí yàrá rẹ̀ kó ṣe ìṣirò yìí, ohun tó máa bá bọ̀ kò sì ní yàtọ̀ sí ti babaláwo tó ti ń dá a láti kékeré. Kò sí odù kẹtàdínlọ́gọ́ta-lé-nígba kan tó sá pamọ́ síbì kan tí ẹnikẹ́ni lè bá pàdé lọ́la.

Ibi tí ìfàyọ ti kan ìgbésí ayé tọkọtaya jù lọ ní Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Ọmọ a máa gba ẹyọ àbùdá kan, irú bí A tàbí S, lọ́dọ̀ bàbá àti ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá. Ẹni tó jẹ́ AA kò ní S tó lè fún ọmọ. Ẹni tó jẹ́ AS lè fún un ní A, ó sì lè fún un ní S. Ọmọ kò lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, àyàfi tó bá gba S lọ́wọ́ àwọn òbí méjèèjì. Ohun tí a fà yọ ni pé AA àti AS kò lè bí SS. Kì í ṣe pé ó ṣọ̀wọ́n. Bí ìpìlẹ̀ bá dúró, kò lè ṣẹlẹ̀.

Síbẹ̀, a máa ń gbọ́ nípa tọkọtaya tí ìwé àyẹ̀wò wọn kọ AA àti AS, tí wọ́n bí ọmọ tí àyẹ̀wò rẹ̀ kọ SS. Àwọn kan á ní sáyẹ́ǹsì ti kùnà, àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìyá ọmọ. Méjèèjì ló kánjú. Ìfàyọ kò fìgbà kan ṣèlérí pé ìpìlẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ohun tó ṣèlérí ni pé bí ìpìlẹ̀ bá jẹ́ òótọ́, àbájáde á jẹ́ òótọ́. Nígbà tí àbájáde ti wó, ohun kan ṣoṣo la lè fà yọ, pé ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ìpìlẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Wọ́n lè ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn ní yàrá àyẹ̀wò. Ẹni tí wọ́n kọ AA fún lè jẹ́ AS. Àyẹ̀wò ọmọ gan-an lè má péye. Èwo ni nínú wọn? Ìfàyọ kò lè sọ. Àyẹ̀wò tuntun, ní yàrá àyẹ̀wò mìíràn tó ṣeé gbọ́kàn lé, ló lè sọ ọ́, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ fi ìgbéyàwó lé e lórí ṣe àyẹ̀wò náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nítorí náà, ohun méjì ni à ń yẹ̀ wò nínú ìfàyọ, wọn kò sì gbọdọ̀ dàpọ̀ mọ́ra: bóyá àbájáde tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ lóòótọ́, àti bóyá ìpìlẹ̀ jẹ́ òótọ́. Aristotle ará Gíríìsì, tó gbé ayé láti 384 sí 322 ṣáájú ìbí Jésù, ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, ó to irú ìfàyọ tó gún àti èyí tí kò gún lẹ́sẹẹsẹ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀ kò ṣòro láti rí. A gbà pé bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ ìta á tutù. Òjò rọ̀, nítorí náà ilẹ̀ ìta tutù: èyí gún. Ilẹ̀ ìta kò tutù, nítorí náà òjò kò rọ̀: èyí náà gún. Ilẹ̀ ìta tutù, nítorí náà òjò rọ̀: èyí kò gún, torí pé ẹnì kan lè ti da omi síbẹ̀. Òjò kò rọ̀, nítorí náà ilẹ̀ ìta kò tutù: òun náà kò gún, nítorí ìdí kan náà. Àwọn méjì tó gbẹ̀yìn yìí gbé aṣọ ìfàyọ wọ̀ láìjẹ́ ìfàyọ. Bí ẹni tó sọ wọ́n bá pè wọ́n ní dandan, àṣìṣe ló ṣe. Bó bá sọ pé ó jọ pé òjò rọ̀, àkíyèsí ló ṣe, a ó sì fi òṣùwọ̀n àkíyèsí wọ̀n ọ́n.

Bí a ṣe ń wọn àkíyèsí

Ìfàyọ tó gún ti gún náà nìyẹn, kò sí pé ọ̀kan gún ju èkejì lọ. Àkíyèsí ní ìpele: ó lè lágbára gan-an, ó lè rọ, ó lè má dúró rárá. Iye ohun tí a kíyè sí ṣe pàtàkì, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣojú fún ìyókù ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ kò nílò láti mu ìkòkò kan tán kó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ṣíbí kan tó, bó bá ti ro ọbẹ̀ náà dáadáa. Bí kò bá rò ó, ṣíbí mẹ́wàá láti òkè kò lè sọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìpínlẹ̀ kan yóò ṣe dìbò, tó wá bi ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú ọjà kan ṣoṣo, kò ro ọbẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde lórí ìbò ibẹ̀ ló ti ń wá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwá ohun tó lè ta ko àbájáde. Ẹni tó dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ti rí lékeléke láìmọye ìgbà, funfun báláú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, débi pé wọ́n máa ń fi ẹyẹ náà júwe ohun funfun. Ó rọrùn láti parí èrò sí pé lékeléke funfun látorí dé ìrù nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ yìí bá tó pamọ, ìyẹ́ tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí awọ ọsàn máa ń hù sí i lórí, láyà àti lẹ́yìn. Ẹgbẹ̀rún lékeléke funfun kò tó láti sọ àbájáde náà di dandan; ọ̀kan ṣoṣo tí àyà rẹ̀ pọ́n tó láti wó o. Ẹni tó bá ń fẹ́ òótọ́ kò ní máa ka lékeléke funfun kún lékeléke funfun. Yóò lọ síbi tí wọ́n ti ń yé.

Èyí tó léwu jù nínú àkíyèsí ni ti okùnfà. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ tó ké lánàá ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà pè é ní ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ohun méjì tẹ̀ léra lọ. Kò sọ iye ìgbà tí igbe dún tí ọmọ kankan kò kú, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ iye ọmọ tó kú ní alẹ́ tí gbogbo ìlú dákẹ́. Láìsí ìṣirò méjèèjì yìí, okùnfà kankan kò tíì fìdí múlẹ̀. Irú ìbéèrè kan náà ló yẹ fún Igbó-Ọrà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìbejì. Pé ìbejì pọ̀ lágbègbè náà ju ibi púpọ̀ lágbàáyé lọ ní ìpìlẹ̀ tó lágbára, nítorí pé wọ́n ti kà á: P. P. S. Nylander tẹ ìwádìí jáde lórí iye ìbejì ní ìgbèríko Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti ìparí àwọn ọdún 1960. Pé ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà ló ń fà á, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ará ìlú ṣe ń sọ, jẹ́ ìgbésẹ̀ mìíràn gédégbé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e gbọ́dọ̀ fi àwọn tó ń jẹ ìlasa wé àwọn tí kì í jẹ ẹ́, kó rí i dájú pé ìdílé wọn jọra, torí pé ìbejì a máa rìn nínú ìdílé, kó sì wo àwọn ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ ìlasa kan náà.

David Hume, onímọ̀ ará Scotland, béèrè ní 1739, ó tún béèrè ní 1748, pé kí ló fọkàn ènìyàn balẹ̀ pé ọjọ́ tó ń bọ̀ yóò rí bí èyí tó ti kọjá. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń rí, àkíyèsí náà la tún fi ń ti àkíyèsí lẹ́yìn. Ìbéèrè náà ṣì ń da àwọn onímọ̀ láàmú. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo àkíyèsí mọ́. Ó kàn fi hàn pé a kò lè sọ ọ́ di ìfàyọ.

Àwọn orúkọ àti ọ̀rọ̀ tó ń tan ni jẹ

Dandan, kò sí àní-àní, ó ní láti jẹ́: ìfàyọ ni irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sábà máa ń bá rìn. Bóyá, ó jọ pé, ó ṣeé ṣe: àkíyèsí ni tiwọn. Wọ́n lè tọ́ka ọ̀nà, àmọ́ wọn kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn ènìyàn a máa fi "dandan ni" bo àkíyèsí tó rọ. Òdì kejì rẹ̀ kì í tètè hàn. Bí ọkọ àti aya bá jẹ́ AS, ìṣirò sọ pé ó ṣeé ṣe kí oyún kọ̀ọ̀kan jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. "Ó ṣeé ṣe" wà níbẹ̀, síbẹ̀ ìfàyọ ni, nítorí pé ìdá náà fúnra rẹ̀ ni àbájáde, ó sì tẹ̀ lé ìpìlẹ̀ láìyẹ̀. Àwọn tí kò yé máa ń kà á sí pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ SS. Ìpìlẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìṣirò kan náà sì fi hàn pé nínú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ tó bí ọmọ mẹ́rin, nǹkan bí 32 nínú 100 ni kò ní bí SS rárá, bẹ́ẹ̀ ni àwọn díẹ̀ á wà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ SS.

Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn tí Arthur Conan Doyle kọ́kọ́ gbé jáde ní 1887, ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní deduction. Ó wo dókítà kan tí oòrùn ti sá lára, tí apá rẹ̀ kan ti fara pa, ó sì sọ pé Afghanistan ló ti ń bọ̀. Ó bá a, ṣùgbọ́n ogun pọ̀ láyé, oòrùn sì ń mú níbi púpọ̀. Àlàyé tó bá ohun tó rí mu jù ló yàn. Àkíyèsí sì ni, bó ti wù kó já fáfá tó.

Nínú ìmọ̀ ìṣirò, orúkọ yí padà sí òdì kejì. Ohun tí wọ́n ń pè ní mathematical induction jẹ́ ìfàyọ pọ́ńbélé: a fi hàn pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ òótọ́ fún nọ́ńbà àkọ́kọ́, a sì fi hàn pé bó bá jẹ́ òótọ́ fún nọ́ńbà kan yóò jẹ́ òótọ́ fún èyí tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn, kò ku nọ́ńbà tó lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń béèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ hàn nínú ohun tí Leonhard Euler kọ ní 1772. A mú nọ́ńbà kan, a fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, a fi nọ́ńbà náà kún un, a tún fi 41 kún un. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, 41 ló máa jáde, lẹ́yìn náà 43, 47, 53, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ṣeé pín dọ́gba àyàfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí dé 39: àpẹẹrẹ 40 léra wọn, kò sí èyí tó yẹ̀. Nígbà tó kan 40, ohun tó jáde ni 1,681, ìyẹn 41 lọ́nà 41. Abájọ tí àbá tí Goldbach kọ sí Euler ní 1742, pé gbogbo nọ́ńbà tó ju 2 lọ tó sì ṣeé pín sí méjì dọ́gba jẹ́ àròpọ̀ méjì nínú irú nọ́ńbà tí kò ṣeé pín wọ̀nyí, fi ṣì ń jẹ́ àbá dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò títí dé bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́nà bílíọ̀nù kan.

Ibi tí méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Ilé ìwòsàn ńlá Vienna ní Austria ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí méjì nígbà tí Ignaz Semmelweis, ọmọ ilẹ̀ Hungary, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1846. Àwọn dókítà àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń gbẹ̀bí ní wọ́ọ̀dù kìíní, àwọn agbẹ̀bí obìnrin ló wà ní ìkejì. Lọ́dún náà, abiyamọ 459 kú nínú 4,010 ní wọ́ọ̀dù kìíní. 105 kú nínú 3,754 ní ìkejì. Ibà kan tó ń tẹ̀ lé ìbímọ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Pé wọ́ọ̀dù kìíní léwu jù jẹ́ àkíyèsí, nọ́ńbà rẹ̀ sì pọ̀ tó láti gbà gbọ́.

Kí ló wá fà á? Àwọn kan ní èrò ló pọ̀ jù. Semmelweis fà á yọ pé bó bá jẹ́ èrò ni, wọ́ọ̀dù tí èrò pọ̀ sí jù ni ikú yẹ kó pọ̀ sí jù. Wọ́ọ̀dù kejì sì ni èrò pọ̀ sí, torí pé àwọn aboyún ń sá fún kìíní. Nítorí náà kì í ṣe èrò. Wọ́n ní àlùfáà tó ń gba àárín wọ́ọ̀dù kọjá tòun ti agogo, bó bá ń lọ gbàdúrà fún ẹni tó ń kú lọ, ló ń kó ìpayà bá àwọn abiyamọ. Wọ́n ní kó gba ibòmíràn láìlu agogo. Ikú kò dín. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀ bímọ bíi ti wọ́ọ̀dù kejì. Ikú kò dín. Ìfàyọ ni gbogbo èyí, irú kan náà pẹ̀lú "ilẹ̀ ìta kò tutù, nítorí náà òjò kò rọ̀". Ó ń fi í ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó ṣí kò ti ọwọ́ ìfàyọ wá. Ní oṣù kẹta 1847, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jakob Kolletschka kú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan bà á níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, ohun tí wọ́n sì rí nínú ara rẹ̀ jọ èyí tí wọ́n ń rí lára àwọn abiyamọ. Láti inú ìjọra yẹn, Semmelweis gbà pé nǹkan kan láti ara òkú ló pa ọ̀rẹ́ òun, àti pé ọwọ́ àwọn dókítà tó ń ti yàrá òkú bọ̀ ló ń gbé e bá abiyamọ. Àwọn agbẹ̀bí kì í fọwọ́ kan òkú. Láti oṣù karùn-ún, ó pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa fi omi tí wọ́n po èròjà kilórínì sí fọ ọwọ́. Ní 1848, abiyamọ 45 ló kú nínú 3,556 ní wọ́ọ̀dù kìíní, 43 nínú 3,219 ní ìkejì.

Ǹjẹ́ ìyẹn sọ èrò rẹ̀ di dandan? Rárá. Bí èrò náà bá tọ́, ikú á dín, ikú dín, nítorí náà èrò náà tọ́: ilẹ̀ ìta tutù, òjò rọ̀ náà ni. Ẹ̀rí tó lágbára ni, ẹ̀mí púpọ̀ ló sì gbà là, àmọ́ àkíyèsí ni. Ó hàn pé èrò náà kò tíì pé nígbà tí wọ́n gba obìnrin kan tó ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọlé lọ́dún 1847 náà. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ọṣẹ lásán ni wọ́n fi ń fọ ọwọ́ kí wọ́n tó kan àwọn tó tẹ̀ lé e, obìnrin 11 nínú 12 sì kú. Kò sí òkú nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Bó bá jẹ́ pé ara òkú nìkan ni ewu náà ti ń wá, wọn kì bá tí kú, wọ́n kú, nítorí náà kì í ṣe ara òkú nìkan. Semmelweis mú èrò rẹ̀ gbòòrò dé ara alààyè tó ń jẹrà.

Ìdánrawò

Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè kò gbọdọ̀ yá owó mìíràn. Ọmọ ẹgbẹ́ kan jẹ gbèsè. Bí àbájáde bá jẹ́ pé kò gbọdọ̀ yá owó, ìfàyọ ni. Bó bá jẹ́ pé wọn kò ní yá a lówó, ó ti di àkíyèsí, nítorí pé olórí ẹgbẹ́ lè rú òfin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yí i padà, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ojú máa ń fò.

Iná kò sí nínú ilé kan. Baálé ilé ní bóyá wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò tàbí fíúsì ilé ti jó. Ó yọjú, ó rí i pé gílóòbù ilé kejì, tó wà lórí wáyà kan náà, ń tàn. Ó ní fíúsì ló jó. Ìfàyọ tó gún ni: ọ̀kan nínú méjì, kì í ṣe ti àkọ́kọ́, nítorí náà ti ìkejì ni. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ló rọ, torí pé wáyà tó wọlé lè ti já, owó mítà lè ti tán, ẹni tó wà ní ilé kejì sì lè máa lo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá a jiyàn kò gbọdọ̀ sọ pé ìrònú rẹ̀ wọ́. Kí ó sọ pé ọ̀nà ju méjì lọ.

Abala 131 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, lẹ́yìn àtúnṣe ọdún 2018, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dupò ààrẹ gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 35. Wọ́n gbé olùdíje kan lọ sílé ẹjọ́ pé 33 ni. Pé ẹni ọdún 33 kò yẹ fún ipò náà jẹ́ ìfàyọ, kò sì sí agbẹjọ́rò tó lè bì í ṣubú. Pé ọmọ ọdún 33 ni olùdíje yìí jẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀: ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹ̀rí ẹnu àwọn ẹbí ló gbé e dúró, gbogbo wọn sì jẹ́ ohun tó lè ní àṣìṣe tàbí ayédèrú nínú. Agbẹjọ́rò olùdíje tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan abala 131. Orí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀: ta ló kọ ọ́, ọdún wo ni wọ́n kọ ọ́, ẹlẹ́rìí wo ló wà níbẹ̀.